Lórí Kẹ̀kẹ́ Láti Àgbádárìgì Dé Natitingou: Oúnjẹ Ìlú àti Oòrùn Ìlú

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a fi rìn náà ní ipa tirẹ̀ nínú ohun tí a ó rí. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ sí ìlú òkèèrè ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ojú-ọjọ́ àjèjì àti oúnjẹ àjèjì yóò kọ lù ú. Ẹni tí ó wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò bá a dé ibi tí ó ń lọ, búrẹ́dì tí ó rà ní ibùdókọ̀ ìlú rẹ̀ ni yóò sì máa jẹ lójú ọ̀nà. Ti ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere yàtọ̀. Kò ní fèrèsé tí yóò tì, kò ní òrùlé tí yóò sá sí abẹ́ rẹ̀. Oòrùn tí ó ń pa àgbẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń pa òun náà, oúnjẹ tí àgbẹ̀ náà ń jẹ ni yóò sì fi rí agbára wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ní àǹfààní kan: díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń kúrò nínú afẹ́fẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn ni ó ń kúrò nídìí ìkòkò kan bọ́ sí ìdí òmíràn, títí yóò fi rí i pé ohun méjèèjì so mọ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Oúnjẹ tí ìlú kan ń jẹ kì í ṣe ohun tí ó ṣèèṣì bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ọgbọ́n tí àwọn ará ibẹ̀ dá sí ilẹ̀ wọn, sí òjò wọn àti sí oòrùn wọn ni. Àlejò tí ó bá sì kọ oúnjẹ ìlú, oòrùn ìlú yóò pẹ́ kí ó tó yọ̀ǹda fún un.

Ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbé kẹ̀kẹ́ wa kúrò ní Àgbádárìgì, a gba ẹnubodè Sẹmẹ̀ wọ Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a sì forí lé àríwá. Natitingou, ní ẹsẹ̀ òkè Atacora, ni a ń lọ. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà náà tó bí 700 kìlómítà, ọjọ́ 14 ni a sì fi rìn ín.

Ohun tí ó gbé wa dìde

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fẹ́ ọmọ Natitingou, ó sì ti ń bá ọkọ rẹ̀ gbé níbẹ̀ láti ọdún 11. Ìyá wa wà ní Abẹ́òkúta, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí Ìyá kì í béèrè pé, “Kí ni o jẹ lónìí?” Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wa fi àwòrán abọ́ oúnjẹ kan ránṣẹ́: fóníò ni, hóró wẹ́wẹ́ tí ó kéré ju iyanrìn etí odò lọ, irú èyí tí àwọn ará Jos ń pè ní acha. Ìyá wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, “Oúnjẹ ẹyẹ ni èyí.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé kí wọ́n mú àkọ́bí ẹ̀gbọ́n wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí Abẹ́òkúta kí òun fi oúnjẹ gidi tọ́ ọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kò fẹ́ kí ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ṣe àfojúdi sí ìyá rẹ̀. Ìyá ní kí àwa méjèèjì lọ fi ojú ara wa rí i, kí a sì mú àbọ̀ wá. Àbúrò mi, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá, ni ó ní kí a fi kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ń jẹ ní Natitingou, kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń yí láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibi tí òógùn kì í gbẹ

Láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́, títí dé Kùtọnu, ẹ̀gbẹ́ omi ni a ń rìn: òkun ní ọwọ́ kan, ọ̀sà ní ọwọ́ kejì. Ooru ibẹ̀ kò jẹ́ àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ Èkó. Afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, nítorí náà, òógùn tí ó jáde lára kò rí ibi gbẹ sí. Ó kàn ń ṣàn wọ ojú, ó ń ṣàn wọ ẹ̀yìn. Gbígbẹ òógùn ni ó ń tu ara. Èyí tí ó bá kán sílẹ̀ lásán kò ṣe ara ní àǹfààní kankan. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè rẹ̀ gan-an ní etí òkun, bí oòrùn kò tilẹ̀ mú púpọ̀.

Àkàsà ni oúnjẹ tí ó pàdé wa níbẹ̀. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a wá ro lórí iná, tí a sì fi ewé pọ́n ni. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ẹ̀kọ wa, àmọ́ tirẹ̀ le díẹ̀, ó sì kan jù. Wọ́n á bù ú sí àwo ní tútù, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tí a gún pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà láì sè é. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó gbé e tì, ó ní òun kò lè jẹ ohun kíkan tútù kí òun tó gun kẹ̀kẹ́. Obìnrin tí ó ń tà á, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó dọ̀la. Tòní yìí, bó bá dọ̀la, kò ní bàjẹ́.”

Inú gbólóhùn yẹn ni àlàyé wà. Ní ilẹ̀ olóoru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, oúnjẹ tètè máa ń bàjẹ́. Kíkan ni ó ń lé ohun tí ń ba oúnjẹ jẹ́ sẹ́yìn, ewé ni ó sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ eṣinṣin àti eruku. A di àkàsà mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí búrẹ́dì tí a gbé láti ilé ti ń hu funfun, àkàsà kò ṣe nǹkan kan. Àbúrò mi jẹ méjì nínú rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, kò sì sọ̀rọ̀.

Láti Kùtọnu, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí Allada. Ilẹ̀ pupa ni ibẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì pọ̀ níbẹ̀ bí koríko. Irú èyí tí wọ́n fi ń yangàn kì í pọ́n dé pupa; àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní lẹ́yìn, funfun nínú, ó sì dùn bí ṣúgà. Fún ẹni tí ó ń wa kẹ̀kẹ́, kò sí ohun tí ó tún dára ju èso tí a bó lójú ẹni: omi wà nínú rẹ̀, ṣúgà wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì tíì kan inú rẹ̀. Lẹ́yìn Allada ni ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Lama, ilẹ̀ dúdú tí í máa mú ẹrẹ̀ nígbà òjò, tí í sì máa sán yẹ́yẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bohicon, tí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Àgbọ̀mẹ̀, olú ìlú àwọn ọba Dahomey àtijọ́.

Ní Bohicon ni a ti rí ohun tí ó gbé wa dé òpin ìrìn náà: kúlíkúlí. Àwọn obìnrin agbègbè Agonlin, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n lókìkí jù nínú dídín rẹ̀. Kò wúwo, kò ń bàjẹ́ nínú oòrùn, ó sì kún fún agbára. Kúlíkúlí pẹ̀lú gààrí tí a rẹ sínú omi ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a bá lójú ọ̀nà ń jẹ lọ́sàn-án. Mo wá rí i pé kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó ń mú wọn jẹ ẹ́. Ní agogo kan ọ̀sán, kò sí ẹni tí ó wù láti dáná nínú irú ooru bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ iṣu, èdè tí a gbọ́

Láti Bohicon dé Ìdáàṣà, a kò rí afẹ́fẹ́ òkun mọ́. Àwọn òkè olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí láàárín pápá. Ní Ṣábẹ̀, tí ó jẹ́ bí 255 kìlómítà sí Kùtọnu, àwọn òkè náà dúró gbọingbọin sí ẹ̀yìn ìlú bí ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé. Ìtàn sọ pé inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn agbègbè yìí máa ń sá sí nígbà tí ogun Dahomey bá dé. Oníṣábẹ̀ ni oyè ọba wọn. Bí a ti wọ ìlú, obìnrin kan kí wa pé, “Ẹ kú ìrìn o!” Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ fún ayọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ti ń fi ọwọ́ àti ojú sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ iṣu ni ilẹ̀ yìí, iyán sì ni ọba oúnjẹ wọn. Ní ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ìró ọmọ odó mẹ́ta ni a fi mọ̀ pé a ti dé. Àmọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gúsí. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni, ó ki, pẹ̀lú wàrà tí wọ́n gé gẹ́gẹ́ bí ẹran. Àwọn obìnrin Fúlàní ni wọ́n ń ṣe wàrà náà, wagasi ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù ní Bẹ̀nẹ̀. Omi ara ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú wàrà dì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé wa. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi ewé ọkà bàbà pa á láró pupa. Mo bi ẹni tí ó ń tà á bí ó ṣe ń pẹ́. Ó ní bí òun bá ń sè é lójoojúmọ́, tàbí tí òun bá sá a sí oòrùn, yóò kọjá ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Níbi tí ooru ti ń sọ wàrà tútù di kíkan láàárín ọjọ́ kan, ọgbọ́n wọn nìyẹn láti fi ran àwọn tí kò ní ẹ̀rọ amómitutù lọ́wọ́.

Àbúrò mi, tí kò gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀pà lè di ọbẹ̀ iyán, fọ àwo rẹ̀ mọ́. Ó ní ohun kan nínú ọbẹ̀ náà dà bí ti ilé. Irú ni. Àwọn Fọ̀n ní afitin ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n òórùn kan náà ni ó tẹ̀ lé wa láti etí ọ̀sà dé òkè Atacora.

Ọjọ́ tí oòrùn borí àbúrò mi

Láti Ṣábẹ̀ sí Tchaourou, abúlé kò pọ̀, igi ńlá kò sì pọ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá, ó gbẹ, ó kún fún eruku, iwájú wa gan-an ni ó sì ń fẹ́ sí. Níbẹ̀ ni ojú-ọjọ́ tí a kò mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ní etí òkun, a ń rí òógùn wa. Ní ibí yìí, òógùn ti gbẹ kí a tó mọ̀ pé ó jáde. Ara gbẹ, aṣọ gbẹ, ènìyàn a sì rò pé omi kò dín lára òun. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú oòrùn lè pàdánù ju lítà omi kan lọ láàárín wákàtí kan. Ara ènìyàn máa ń kọ́ ooru tuntun: yóò tètè máa làágùn, iyọ̀ tí ó ń bá òógùn jáde yóò sì máa dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọjọ́ keje wa ni ọjọ́ náà, ooru tí ara wa sì kọ́ ni ooru etí òkun.

Kò tíì di agogo méjìlá nígbà tí àbúrò mi dákẹ́. Orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pa okùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bì. Mo wo ọ̀nà síwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ọkọ̀ kankan. Mo rántí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, pé èmi ni ìyá wa yóò bi léèrè. Mo fà á títí a fi dé abẹ́ igi máńgòrò kan ní ẹnu ọ̀nà abúlé kékeré kan.

Àwọn obìnrin mẹ́ta ni wọ́n sáré jáde. Èdè wọn sún mọ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí n kò nílò ògbufọ̀. Wọ́n tú bàtà rẹ̀, wọ́n rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n tẹ́ ẹ sí i ní ọrùn àti abíyá, ọ̀kan sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, wọ́n ń fún un ní ìkòdù kékeré kékeré, wọn kò jẹ́ kí ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, wọ́n gbé ògì wá, ó ṣàn, wọ́n sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn yíjú sí mi. Ó ní, “Ìyá, àkókò tí ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji ni ẹ̀yin ń wa nǹkan yìí kiri.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbà wá sílé, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Nínú ọjọ́ méjì náà ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti mu ògì gbígbóná nítorí òtútù ọyẹ́. Wọ́n á lọ sí oko, wọ́n á sì ti padà sábẹ́ ibòji ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Ọ̀sán ni ti gààrí rírẹ àti ìsinmi. Lẹ́yìn agogo mẹ́rin ni wọ́n tún ń jáde. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tutù, ni oúnjẹ ńlá, iyán tàbí àmàlà, tí gbogbo ilé jọ ń jẹ. Oúnjẹ wọn àti aago wọn ń bá ara wọn mu. Láti ibẹ̀ lọ, bí wọ́n ti ń lo ọjọ́ ni àwa náà ń lò ó. Àbúrò mi kò tún ṣàìsàn mọ́ títí a fi dé.

Òkè Atacora

Tchaourou dé Parakou jẹ́ bí 60 kìlómítà. Láti Parakou, a yà sí Djougou, a sì gba ibẹ̀ lọ sí Natitingou, ó lé ní 200 kìlómítà. Ní apá ibẹ̀, òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù Èbìbí dé oṣù Ọ̀wàrà. Gúúsù ní ìgbà òjò méjì. Ìyàtọ̀ yìí nìkan ti tó láti yí ìkòkò ọbẹ̀ padà. Lásìkò ọyẹ́, ooru ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí òru sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ 20. Ètè wa là, imú wa gbẹ, a sì ń wọ aṣọ òtútù tí a kò lò rí láti Àgbádárìgì.

Igi tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni igi emi, èyí tí a ń ti ara èso rẹ̀ rí òrí. Òrí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, òrí náà ni wọ́n fi ń pa ara nítorí ọyẹ́. A ra díẹ̀, a fi pa ètè, ó sì san. Igi osè ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú: ewé rẹ̀ ni wọ́n ń sá gbẹ tí wọ́n ń lọ̀ fún ọbẹ̀, èso rẹ̀ kíkan ni wọ́n ń pò mọ́ omi mu. Ẹtù pọ̀ ní ọjà ju adìẹ lọ lójú mi. Gbogbo ohun tí a ń jẹ jẹ́ ohun tí ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn: èyí tí a sá, èyí tí a lọ̀, èyí tí a kó sí àká.

Nítòsí Natitingou ni àwọn ilé Betammaribe wà, tí ayé mọ̀ sí tata somba. Ilé amọ̀ tí ó ní òkè ni, bí odi kékeré. Ẹran ọ̀sìn ń sùn nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká sì wà lórí òrùlé. Ilẹ̀ wọn tí ó wà ní Togo, Koutammakou, wọ ìwé àjọ UNESCO ní ọdún 2004. Ní ọdún 2023, wọ́n fi ti apá Bẹ̀nẹ̀ kún un. Nígbà tí mo wo àká wọ̀nyẹn, mo rí i pé ilé àti oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lójú ẹni tí ó ní oṣù gígùn tí òjò kò ní rọ̀.

Nídìí abọ́ ẹ̀gbọ́n wa

Ẹ̀gbọ́n wa se fóníò fún wa ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti ẹran ẹtù. Ó fẹ́lẹ́, kò lẹ̀ mọ́ eyín, kò sì wúwo nínú. Ọmọ tí ìyá wa ní kí a mú wá sílé jókòó láàárín àwọn ọmọ ẹbí bàbá rẹ̀ nídìí abọ́ kan, ó ń jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ le.

Mo bi ẹ̀gbọ́n wa ní ìbéèrè tí wọ́n rán mi. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Odidi ọdún kan àkọ́kọ́, èlùbọ́ tí Ìyá ń fi ránṣẹ́ ni mò ń jẹ. Èmi nìkan ni mò ń dá jẹ ẹ́ ní yàrá. Ara mi wà níbí, ikùn mi wà ní Abẹ́òkúta, n kò sì sí níbì kankan. Ọdún kejì, èlùbọ́ tán, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo kò tíì gbó, iṣu kò tíì tó wà. Ìyá ọkọ mi gbé fóníò wá, wọ́n ní òun nìkan ni ó tètè dé nígbà tí àká bá ṣófo. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó dé ilé ọkọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni fóníò rí. Ó ń hù lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, kò bèèrè òjò púpọ̀, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan sì ń gbó láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, kí àwọn irúgbìn ńlá tó ṣe tán. Ohun tí ìyá wa pè ní oúnjẹ ẹyẹ ni ó ń gba ìdílé là ní oṣù tí ebi ń wọlé.

Àbúrò mi ni ó pe Ìyá lórí fóònù ní alẹ́ náà. Ó ṣàlàyé fún wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ àká, ọ̀rọ̀ òjò kan lọ́dún, ó sì sọ bí ọmọ náà ṣe ń jẹun láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán. Wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n ń fi irú sí ọbẹ̀ rẹ̀?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kó máa wá kí mi nígbà ìsinmi.”

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbéra

Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá fẹ́ rìn irú ìrìn báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ìrìn òòjọ́ yín kúrú, kí ara lè kọ́ ooru tí ó wà níbẹ̀. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì wà lábẹ́ ibòji láti agogo mẹ́wàá ààbọ̀ títí di mẹ́rin. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó dé, ẹ sì máa jẹ nǹkan kékeré kékeré kí ebi tó pa yín, nítorí agbára tí ara fi pamọ́ fún iṣẹ́ líle kì í pẹ́ tán.

Ẹ gbé iyọ̀ àti ṣúgà dání. Lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé lórí àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó wúlò fún ìgbẹ́ gbuuru, ó sì wúlò fún ẹni tí oòrùn ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí oòrùn mú bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn, tàbí tí ó dákú, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ tu ara rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti oúnjẹ, èyí tí ó ń hó lórí iná àti èyí tí ẹ fúnra yín bó kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹ máa tọ́ oúnjẹ tuntun wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kí inú lè mọ̀ ọ́n. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí yẹ́lò káàdì yín sì wà lọ́wọ́ ní ẹnubodè. Ẹni tí ó bá ń lọ sí àríwá nígbà ọyẹ́, kí ó bèèrè lọ́wọ́ dókítà nípa abẹ́rẹ́ àìsàn lọ́rùnlọ́rùn, nítorí agbègbè náà wà nínú ibi tí àìsàn yìí ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní paríparí rẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn tí ń se oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ìdí tí wọ́n fi ń se é báyìí, ìgbà wo ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kí ni wọ́n ń jẹ nígbà tí òjò kò tíì dé. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Àwọn onílé ni yóò fi ohun tí ó wà níbẹ̀ hàn án. Ọ̀nà á dára fún yín o.